Wàrà Tó Pa Ikùn Mi Lẹ́nu Mọ́

Ikùn mi ti gbajúmọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ kí orí mi tó gbajúmọ̀ rárá. Mo mọ̀ pé ẹ ó rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in, èmi náà ń rín in báyìí. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín fún mi. Williamsville ní Abidjan là ń gbé nígbà náà, nínú ọgbà kan tí yàrá mẹ́jọ yí àgbàlá ká, tí igi máńgòrò kan ṣoṣo dúró láàárín rẹ̀, tí gbogbo ayálégbé sì ń jà lé e lórí. Bàámi jẹ́ akọ̀wé ní iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin. Ìyá mi ń ta abọ́ tánganran ní ọjà Adjamé. Ìyá tó bí bàámi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Àgbà, ló ni àgbàlá náà bí ẹ bá gbọ́ bó ṣe ń pàṣẹ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, owó ilé là ń san bíi tàwọn yòókù. Ìró tó ń jí mi láràárọ̀ ni ti igi tó fi ń po wàrà nínú igbá. Yóò gbé igi náà sáàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, yóò máa yí i síwá yí i sẹ́yìn, igbá á máa dún wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀, ìgbálẹ̀ ìyá mi á máa dá a lóhùn láti ẹ̀yìnkùlé, rédíò bàámi á sì máa sọ Faransé kíákíá lórí gbogbo wọn. Bí mo bá gbọ́ ohun tó jọ ìró igi yẹn lónìí, kódà kó jẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ aládùúgbò, ẹnu mi á dá itọ́.

Ṣakí ni Màmá Àgbà ti wá, níbi tí àwọn Fúlàní ti ń da màlúù kọjá lẹ́yìn ilé wọn nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó ní kò sí ọjọ́ tí òun kì í mu wàrà kíkan kí òun tó di ìyàwó. Nígbà tó dé Abidjan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ogún ọdún kó tó tún rí i mu, àfi ìgbà tí Kúńbà, obìnrin Fúlàní kan tó ń ta wàrà lẹ́bàá ibùdókọ̀ Adjamé, bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà àgbàlá wa kọjá. Àwọn méjèèjì kò gbọ́ èdè ara wọn. Díúlà, èdè ọjà níbẹ̀, tí màmá ń sọ kò ju ti oníbàárà lọ. Síbẹ̀ wọ́n lè jókòó lábẹ́ máńgòrò fún wákàtí méjì, kí wọ́n máa nawọ́, kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kan ni Kúńbà gbé igbá kékeré kan fún un, wàrà díẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ kọ̀ jálẹ̀ nígbà tí màmá na owó sí i. Màmá ń pe èyí tó wà nísàlẹ̀ igbá náà ní ìyá wàrà, torí òun ló ń bí òmíràn: bí a bá da mílíìkì tuntun lé e lórí, bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, gbogbo rẹ̀ á ti dì, á sì ti kan. Wọn kì í tà á. Ẹni tí wọ́n bá fún gbọ́dọ̀ fún ẹlòmíràn, ó pẹ́ ni, ó yá ni. Wọn kì í sì í fi ọṣẹ kan igbá rẹ̀. Omi gbígbóná ni màmá fi ń ṣàn án, yóò wá mú igi tí iná ti jẹ lórí, yóò fi èéfín rẹ̀ yán inú igbá títí á fi dúdú. Òórùn èéfín yẹn ni bàámi kò fẹ́. Ó ní ọmọ tó bá ń lọ sílé ìwé nínú ilé òun kò gbọ́dọ̀ mu ohun tó ń rùn bíi yàrá ìdáná. Nítorí náà, gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, mo ń gbọ́ ìró wàrà, n kò tọ́ ọ wò.

Mílíìkì la ń mu ní ilé ẹ̀kọ́. Kì í ṣe ti inú agolo tí bàámi ń dà sí kọfí, tó nípọn tó sì dùn. Ìyẹ̀fun funfun ni, inú àpò bébà ńlá ló ti ń wá láti òkè òkun, àwọn obìnrin tó ń dáná fún wa á pò ó mọ́ omi gbígbóná nínú ìkòkò tó tó ọmọdé wẹ̀. Bí aago mẹ́wàá bá lù, a ó tò, kálukú pẹ̀lú kọ́ọ̀bù tánganran rẹ̀. Màdáàmù tó ń kọ́ wa á dúró ti ìkòkò, ooru á ti bo awò ojú rẹ̀. Òun ló máa ń kọ́kọ́ mu tirẹ̀, níṣojú wa, láti fi ṣe àpẹẹrẹ. Lẹ́yìn náà ni yóò wá wí pé, “Buvez! Jusqu'au fond!”, ìyẹn ni pé kí a mu ún dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Bí o bá mu tán, wàá dojú kọ́ọ̀bù rẹ dé lórí tábìlì rẹ̀. Bí ẹ̀kán kan péré bá jábọ́, wọ́n á tún bu ìdajì fún ọ. Kò sí ọmọ tó ń dojú kọ́ọ̀bù dé pẹ̀lú ìbẹ̀rù tó tèmi, torí mo mọ ohun tó ń bọ̀. Kò ní í tó wákàtí kan, ikùn mi á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Kì í kùn bíi ti ẹni tí ebi ń pa. Ó ń kùn bí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gun òkè. Á wú, á le, nǹkan á máa gún mi lábẹ́ ìdodo, n ó sì nawọ́ sókè, “Madame, s'il vous plaît,” kí ọ̀rọ̀ náà tó kúrò lẹ́nu mi, mo ti sáré dé ẹnu ọ̀nà. “Cabinet” là ń pe ṣáláńgá. Kò pẹ́ tí gbogbo kíláàsì fi bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Mademoiselle Cabinet. Àwọn ọmọ mìíràn wà tí mílíìkì náà ń dà láàmú, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́n jù mí lọ: wọ́n ń ki àkàrà bọ inú kọ́ọ̀bù kó lè fa díẹ̀, wọ́n á sì ju àkàrà náà fún ajá ẹ̀yìn ọgbà. Èmi ń mu tèmi dé ìsàlẹ̀ bí òmùgọ̀.

Kíláàsì tí mo wà ni CM2, èyí tó kẹ́yìn ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìdánwò ńlá tí a fi ń wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ń bọ̀ ní òpin ọdún, concours là ń pè é, ọjọ́ orí mi sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ré kọjá èyí tí wọ́n ń gbà. Bí n kò bá ṣe é lọ́dún náà, n kò ní í ṣe é mọ́ láéláé. Olùkọ́ kíláàsì ló ń fi orúkọ ránṣẹ́. Ní ọjọ́ kan tí mo sá jáde lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ìṣirò, Màdáàmù dá mi dúró lẹ́yìn tí àwọn yòókù ti lọ.

“Honorine,” ó ní, orúkọ tí mo ń jẹ́ ní ilé ìwé nìyẹn, Faransé rẹ̀ tutù, ó sì ṣe kedere, “ẹni tó bá jáde nínú concours kì í padà wọlé. Wọ́n á gba ìwé rẹ̀ ni. Ṣé ìṣirò ni o ń sá fún?”

“Non, madame. Mílíìkì ni.”

“Gbogbo èèyàn ń mu mílíìkì. Mi ò ní í fi orúkọ ẹni tí kò lè jókòó ránṣẹ́.”

Ó kọ ìwé sí bàámi. Bàámi kà á lẹ́ẹ̀mejì lábẹ́ máńgòrò, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì wò mí bí ẹni tó ń wo ọkọ̀ tó dẹnu kọlẹ̀ lójú ọ̀nà. “Àbẹ̀kẹ́, le lait, c'est la santé, ìlera ni mílíìkì. Àwọn òyìnbó tó ń mu ún, ṣé wọ́n ń kú ni?” Ìyá mi kò bínú ní tirẹ̀. Ó ní bí kò bá ṣeé ṣe, kí n wá bá òun to abọ́ lọ́jà. Ó ní òun náà kò lọ ilé ìwé, òun kò sì kú. Ó sọ ọ́ láti fi tù mí nínú ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló dá ẹkún sílẹ̀. N kò kórìíra abọ́. Mo kàn ti ń rí àwọn ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ girama tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run àti ìwé láyà, mo sì ti fi ara mi sáàárín wọn lọ́kàn tipẹ́. Mo fẹ́ ẹ débi tí mi ò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kí ikùn lásán wá gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó dùn mí dé egungun.

Màmá Àgbà ń po wàrà lọ́wọ́. Ó dá igi dúró. “Kí ni ẹ ní wọ́n ń fún ọmọ yìí mu?”

“Mílíìkì, màmá,” bàámi dáhùn.

“Tó ti kan?”

“Kò kan o. Tuntun ni, ìyẹ̀fun ni wọ́n fi ń pò ó.”

“Àbí ẹ rí nǹkan! Ọmọ màlúù ni wọ́n ń fún ní èyí tó ṣì dùn yẹn. Àbẹ̀kẹ́, lọ́la, bá mi tọrọ ìyẹ̀fun náà wá.”

Obìnrin kan nínú àwọn tó ń dáná fún wa bu díẹ̀ fún mi, mo wé e sínú bébà ìwé àkọsílẹ̀. Màmá se omi títí ó fi hó, ó po ìyẹ̀fun náà mọ́ ọn, ó sì dúró kó rọlẹ̀ títí tí ọmọ ìka rẹ̀ fi lè gbé inú rẹ̀ láìjó. Ó wá dà á lé ìyá wàrà lórí, ó dé e, ó fi ògbólógbòó ìró wé igbá náà bí ẹni ń wé ọmọ. Bàámi rí gbogbo rẹ̀. Ìwé Màdáàmù ṣì wà nínú àpò rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wàrà náà ti dì. Màmá pò ó, ó bu kọ́ọ̀bù kan fún mi, ó ní kí n mu ún kí n sì dùbúlẹ̀ sórí ẹní. Ó kan débi tí etí mi fi gbọ̀n. Gbogbo àgbàlá ló ń dúró de ikùn mi. Ìyá mi dá ìgbálẹ̀ dúró, bàámi pa rédíò. Màmá Àgbà kúnlẹ̀, ó gbé etí lé mi nínú, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó gbé orí sókè, ojú rẹ̀ ń tàn. “Ó ti sùn,” ló wí.

Mo ti ṣe nọ́ọ̀sì fún ọdún tó pọ̀ láti ìgbà náà, mo sì mọ ohun tí màmá kò rí kà níbì kankan. Ṣúgà kan wà nínú mílíìkì tí ikùn púpọ̀ nínú àwa èèyàn dúdú kì í lè dà mọ́ bí a bá ti dàgbà kúrò lọ́mú. Ibi tó dúró sí nínú ìfun ló ti ń wú, tó ń kùn, tó sì ń léni jáde. Àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín tó wà nínú wàrà kíkan ti jẹ púpọ̀ nínú ṣúgà yẹn kí wàrà tó dé ẹnu wa, wọ́n sì tún ń bá ikùn ṣiṣẹ́ lórí ìyókù. Bí àwọn aláìsàn bá bi mí léèrè, báyìí ni mo ṣe ń sọ ọ́ fún wọn. Bí ó bá sì jẹ́ àgbàlagbà ni, mo máa ń sọ ọ́ bíi ti màmá, wọ́n á sì gbọ́ ọ yé kíákíá.

Màmá kò dúró kí bàámi kọ èsì. Ó wé gèlè, ó ní kí n ṣíwájú, ó di ilé ẹ̀kọ́. Èmi ni ògbufọ̀. Yorùbá tí mo ń gbọ́ nígbà náà pọ̀ ju èyí tí mo lè sọ lọ, ẹ̀rù Màdáàmù sì ń bà mí, nítorí náà mo rọra ń fi omi sí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí màmá wí pé, “Sọ fún un pé ó ń fi ohun ọmọ màlúù pa ọmọ mi,” mo ní, “Grand-mère dit bonjour,” ìyẹn ni pé màmá ń kí i. Ṣùgbọ́n màmá fura, ó fún mi ní ìgbúnwọ́, mo sì tú gbogbo rẹ̀. Màdáàmù kò bínú. Ó wo màmá títí, ó wá ní, “Bien. La composition, samedi en huit.” Ó ṣàlàyé àdéhùn náà: ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó ṣe ìdánwò àṣewò, láti aago mẹ́jọ títí di ọ̀sán, bíi concours gan-an. Kí n gbé mílíìkì mi wá bó ṣe wù wá kó rí, kí n mu ún níṣojú òun. Bí mo bá jókòó dé òpin, òun á fi orúkọ mi ránṣẹ́. Bí mo bá jáde lẹ́ẹ̀kan, ó parí.

Mo ń mu wàrà lójoojúmọ́ nínú ọ̀sẹ̀ yẹn, ikùn mi dákẹ́ bí ọmọ tí wọ́n bá wí. Ìdùnnú náà pọ̀ débi pé mo fẹ́ ṣe ohun kan fún màmá láti fi dúpẹ́. Ní Ọjọ́rú, Màdáàmù kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó. Ó kọ ọ́ sára pátákó pé ohunkóhun tí a bá ń fi oúnjẹ sí gbọ́dọ̀ rí ọṣẹ àti omi Javel, oògùn tí ìyá mi fi ń sọ aṣọ di funfun. Ọjọ́bọ̀ kì í ṣe ọjọ́ ìwé. Màmá lọ kí aláìsàn kan ní Adjamé, mo sì gbé igbá rẹ̀ sídìí ẹ̀rọ omi. Mo da kíkan tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ nù. Mo da Javel sí i. Mo fi yanrìn àti kànhìnkànhìn ha dúdú inú rẹ̀ títí kò fi ku ẹyọ kan, apá ń ro mí, mo ń kọrin. Mo sá a sórí òrùlé ilé adìyẹ. Ó funfun bí eyín. Mo jókòó tì í, mo ń retí kí wọ́n wá yìn mí.

Nígbà tí màmá dé, ó gbé igbá náà sí imú. Kò pariwo. Ó kàn jókòó sórí àpótí.

“Àbẹ̀kẹ́, kí lo fi fọ̀ ọ́?”

“Javel, màmá. Ó ti dọ̀tí gan-an.”

“Èyí tó wà nísàlẹ̀ ńkọ́?”

“Mo ti dà á nù. Ó ti bàjẹ́, ó ti kan.”

Ó wò mí, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó rín in títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀, mi ò sì mọ èyí tó jẹ́ ti ẹ̀rín nínú omi náà. Ìgbà yẹn ni ohun tí mo ṣe wá yé mi. Kúńbà kò sí nílé. Ó ti wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí òkè, níhà àríwá, láti ọjọ́ Ajé, ọmọ rẹ̀ obìnrin bímọ, kò ní í padà kí oṣù tó tán. Ìdánwò ku ọ̀túnla. Wàrà sì ń fẹ́ odindi ọjọ́ kan kó tó dì. Mo da ara mi sílẹ̀, mo ké bí ẹni tí wọ́n nà. Ẹnikẹ́ni kò lù mí, èmi fúnra mi ni mo fọ ọ̀nà mi dànù pẹ̀lú kànhìnkànhìn.

Ayálégbé kan wà ní yàrá tó kọjú sí tiwa, Màmá Victorine, ọmọ Porto-Novo, ìyá ìjọ ni, funfun báláú ló máa ń wọ̀ lọ́jọ́ ìsinmi. Kò sí ẹni tó kórìíra wàrà wa tó o. Bó bá ń kọjá níwájú igbá, á di imú mú, á ní, “Ah, l'odeur-là! Òórùn yìí!” gbogbo àgbàlá á gbọ́. Màmá Àgbà dìde lórí àpótí, ó nu ojú, ó sì kọrí sí ẹnu ọ̀nà obìnrin yìí, níṣojú gbogbo àwọn tó ń fọṣọ.

“Màmá Victorine, ẹ dákun, ẹ má bínú. Ẹ bá mi mú wàrà tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín wá.”

Àwọn tó ń fọṣọ dá ọwọ́ dúró. Màmá Victorine yọ síta, ojú rẹ̀ le. “Wàrà kẹ̀? Moi? Màmá, ṣé èmi lẹ̀ ń bá wí?”

“Ẹ̀yin ni. Ẹ jọ̀wọ́, mo mọ̀ pé mo ti bá yín ṣe àdéhùn pé n kò ní í sọ ọ́. Ọmọ yìí ti da tèmi nù, ọ̀túnla ni ìdánwò rẹ̀.”

Ó wò mí nílẹ̀ níbi tí mo wà. Mo rí i bí ó ṣe ń bá ara rẹ̀ jà: àwọn obìnrin méjì nínú ìjọ rẹ̀ wà lára àwọn tó ń fọṣọ. Kò pẹ́, ó mí kanlẹ̀. “Le bon Dieu me voit, Ọlọ́run ń wò mí,” ó ní. “Inú mi ni kì í lọ déédéé tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́rin, rien. Láti ìgbà tí màmá ti fún mi ní nǹkan yìí, ara tù mí. Voilà, mo ti sọ ọ́.” Ó wọlé, ó sì gbé ìkòkò amọ̀ kékeré kan jáde, ó fi ọ̀kan nínú aṣọ funfun ìjọ rẹ̀ wé e. Àṣà Kúńbà ló gbà mí lọ́jọ́ náà. Ká ní màmá fi ìyá wàrà náà ṣe tara rẹ̀ nìkan ni, ìdí àtẹ abọ́ ni ìtàn mi ì bá parí sí.

Inú ìkòkò náà la ti ṣe ti Sátidé, torí igbá ṣì ń rùn fún Javel. Mo gbé ìgò mi dé ilé ẹ̀kọ́, mo dà á sínú kọ́ọ̀bù níwájú Màdáàmù. Ó ní kí n dúró ná. Ó bu ṣíbí kan tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ súnkì. “C'est aigre,” ó ní, ó kan. Ó tún bu ṣíbí kejì, ó ní kó lè dá òun lójú ni. Mo mu ìyókù, mo dojú kọ́ọ̀bù dé, ẹ̀kán kan kò jábọ́. Lẹ́yìn náà a wọlé. Àwọn yòókù mu mílíìkì tiwọn bí ìṣe. Bí aago mẹ́wàá ṣe ń lọ sí mọ́kànlá, kíláàsì dákẹ́, kálàmù nìkan ló ń dún, mo sì mọ̀ pé etí gbogbo wọn wà lára mi. Lójijì ni nǹkan kùn, grrùù, ó gùn, ó sì pariwo. Gbogbo orí yí sọ́dọ̀ mi. Èmi náà di ikùn mi mú. Kì í ṣe tèmi! Ti ọmọkùnrin tó jókòó tì mí ni, òun gan-an tó fún mi lórúkọ Mademoiselle Cabinet. Ó nawọ́ sókè, ó ní, “Madame, s'il vous plaît,” ó sì sá lọ. Mo ṣe ìṣirò tó kù bí ẹni ń jó. Nígbà tí aago lù, Màdáàmù mú ìwé orúkọ jáde, ó kọ tèmi sí i níṣojú mi pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ tó mọ́ kedere.

N kò ní í fi concours fa ọ̀rọ̀ gùn. Mo mu wàrà mi láàárọ̀, mo wọlé, n kò jáde àfi ìgbà tí wọ́n ní ká jáde. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, Màmá Àgbà, ìyá mi àti Màmá Victorine ló to ìdí sórí bẹ́ńṣì bí ẹni ń dúró de ọkọ̀, bàámi sì dúró lẹ́yìn wọn, òun tó gba ìsinmi níbi iṣẹ́, tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n ka orúkọ àwọn tó yege, tèmi ni ìkarùn-ún. Ìyá mi fi abọ́ méjì lura wọn títí dé ilé, tánganran wọn fọ́, kò sì bìkítà. Bàámi yọ kọ́ọ̀bù kọfí rẹ̀, ó nà án sí ìyá rẹ̀, ó ní, “Màmá, ẹ bu díẹ̀ fún èmi náà.” Láti ọjọ́ yẹn, kò tú bẹ́líìtì sílẹ̀ mọ́ bó ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ nígbà tí mílíìkì inú kọfí bá wú u níkùn láàárọ̀.

Ìgbà ìsinmi gígùn ni, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ń to aṣọ tó gbẹ nígbà tí mo rí obìnrin kan ní ẹnu ọ̀nà ọgbà, ó fi ìborùn bo orí. Mi ò tètè dá a mọ̀ torí mi ò rí i rí láìsí ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Màdáàmù ni. Gbogbo àgbàlá dìde.

“Honorine, ta grand-mère est là?” Màmá ló ń béèrè.

Màmá jáde, wọ́n kí ara wọn. Màdáàmù pè é ní la Vieille, bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀wọ̀ pe àgbàlagbà níbí, ó jókòó sórí àpótí, ó ń yí òrùka ìka rẹ̀. Èmi ló kọjú sí, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ tí kò lò rí ní kíláàsì. “Lójoojúmọ́ ni mo ń kọ́kọ́ mu mílíìkì yẹn níwájú yín,” ó ní. “Ohun tó ń ṣe ọ́ ló ń ṣe mí. Pendant que tu courais, moi, je serrais les dents. Ìwọ ń sáré jáde, èmi ń fún eyín pọ̀ mọ́ra. Èmi ò lè jáde, èmi ni olùkọ́.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Gbogbo ìgbà tí mo rò pé ó ń wò mí pẹ̀lú ìkórìíra láti orí àga rẹ̀, ó ń wò mí pẹ̀lú ìlara. Mo tú u fún màmá, lọ́tẹ̀ yìí mi ò fi omi sí i. Màmá Àgbà gbọ́ ọ dé òpin. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bá a wí. Ó bu ìyá wàrà díẹ̀ sínú ìgò kan, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ Màdáàmù, ó ní kí n sọ fún un pé a kì í tà á, ẹlòmíràn ni kó fún. Lẹ́yìn náà ó po igbá, ó gba kọ́ọ̀bù ilé ìwé mi tó wà lórí òkúta, ó bu wàrà kún un dé etí, ó gbé e lé Màdáàmù lọ́wọ́. Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí, ó nà ró ṣánṣán níwájú rẹ̀, ó sì sọ gbogbo Faransé tó ti rí kọ́ láti ẹnu mi.

“Buvez,” ni Màmá Àgbà wí. “Jusqu'au fond.”

Màdáàmù wo ojú rẹ̀. Ó gbé kọ́ọ̀bù sẹ́nu, kò sì mí títí ó fi dé ìsàlẹ̀. Nígbà tó mu ún tán, kò sí ẹni tó sọ fún un, òun fúnra rẹ̀ ló na ọwọ́ sí àpótí tó wà níwájú rẹ̀, ó dojú kọ́ọ̀bù náà dé. Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ẹ̀kán kan kò jábọ́.